Pípa Ohun Tí A Kò Fẹ́ Rẹ́ Nínú Fọ́tò: Kí Ni Ẹ̀rọ Ń Ṣe Gan-an?



Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, a ya fọ́tò ìyá àwọn ọmọ òrukàn kan tí ẹgbẹ́ fi owó sàká ra ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ irin fún. Fọ́tò náà dára, ṣùgbọ́n korobá kan tí ó ti fọ́ létí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa fi ìka kun orí korobá náà lójú fóònù rẹ̀, korobá sì pòórá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú wa dùn, a fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n dá owó. Kò pẹ́ tí Alhaja kan fi pè mí, wọ́n ní: "Aáfà Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la rà fún un ni?" Nígbà tí mo tún un wò, òótọ́ ni. Bí fóònù ti ń pa korobá rẹ́, ó ti mú ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ ọn lọ.

Nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni ó ní irú irinṣẹ́ yìí lórí fóònù, ó yẹ kí á mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rọ kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn korobá. Kámẹ́rà kò rí i, nítorí náà kò sí nínú fọ́tò. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni pé ó ń wo àyíká ibi tí a fi ìka kùn, ìbáà ṣe ògiri, ilẹ̀ tàbí koríko. Yóò mú èyí tí ó bá jọ ibẹ̀ jù lọ, yóò sì fi lẹ àlàfo náà, bí télọ̀ ti ń lẹ ẹ̀wù tí ó ya. Lẹ́yìn èyí, yóò pa àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ojú má baà rí ibi tí ó ti lẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi fi ìwòsàn sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé ó dà bí egbò tí awọ ara bò.

Láyé fíìmù, pẹ́ńsùlù àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni àwọn oníṣẹ́ fọ́tò fi ń ṣe é. Ní 2002, Photoshop 7.0 mú Healing Brush jáde, ṣùgbọ́n ènìyàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti mú èyí tí yóò fi lẹ̀ ẹ́ hàn án. Ní 2005, Spot Healing Brush dé, tí kọ̀ǹpútà ń dá wá a fúnra rẹ̀. Ní 2010, Content-Aware Fill dé, tí ó lè wá ohun tí ó jọra káàkiri inú fọ́tò, kí ó sì fi bo àyè ńlá. Ní 2021, Google fi Magic Eraser sórí fóònù Pixel 6. Ní 2024, wọ́n ṣí i fún àwọn tí ń lo Google Photos lórí fóònù mìíràn. Èyí tí ó dé sínú Photoshop ní 2023, Generative Fill, tún yàtọ̀. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lára àìmọye àwòrán, ó sì lè dá ohun tí kò sí níbẹ̀ rí sílẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ LÒ Ó DÁADÁA

1. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà, kí ojúlówó wà nípamọ́.
2. Ẹ fẹ̀ ẹ́ kí ó tóbi lójú fóònù. Ohun tí ẹ fẹ́ mú kúrò nìkan ni kí ẹ fi ìka kùn, díẹ̀díẹ̀.
3. Ẹ mú òjìji rẹ̀ mọ́ ọn. Òjìji tí kò ní olówó yóò tú àṣírí.
4. Ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ojú ọ̀run, iyanrìn àti ògiri tí wọ́n kùn lọ́dà kan ṣoṣo rọrùn fún ẹ̀rọ. Ìka ọwọ́, ẹsẹ̀ àga, lẹ́tà ara ògiri, òdòdó ara àǹkárá àti ìlà ara ẹní ni ó ti máa ń ṣìṣe.

IBI TÍ Ó YẸ KÍ Á DÚRÓ

Ní ilẹ̀ Soviet, Nikolai Yezhov tí ó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá abẹ́nú wà nínú fọ́tò kan pẹ̀lú Stalin létí omi. Wọ́n pa ọkùnrin náà ní 1940, wọ́n sì pa á rẹ́ nínú fọ́tò, wọ́n fi omi bo ibi tí ó dúró sí. Irọ́ ni èyí, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kékeré náà ń kó bá ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press yọwọ́ lọ́rọ̀ ayàwòrán kan tí ó wà lára àwọn tí wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ Pulitzer ní 2013. Kámẹ́rà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó yọjú ní igun fọ́tò ogun Síríà ni ó pa rẹ́. Wọ́n yẹ àwòrán rẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 wò, wọn kò rí òmíràn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Síbẹ̀, wọn kò bá a ṣiṣẹ́ mọ́. Kámẹ́rà yẹn kò yí ìròyìn padà, ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó bàjẹ́.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ wa ti fẹnu kò. Fọ́tò tí a ó fi ṣe kàlẹ́ńdà tàbí ìwé ìpè, a lè nu ìdọ̀tí ara rẹ̀. Fọ́tò tí a fi ń jíṣẹ́ owó fún yín, ẹ̀rí ni. A kò ní fi kún un, a kò sì ní yọ nínú rẹ̀. Bí ìyá ọmọ kò bá fẹ́ kí ojú ọmọ rẹ̀ hàn, a kò ní pa ọmọ rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ó yà.

Mo fi ojúlówó fọ́tò ránṣẹ́ sí Alhaja náà, ti òun ti korobá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ẹ̀yí tó ní korobá yìí ni kí ẹ máa fún wa o." 

Kí Ọlọ́hun gba sàká àti sàráà yín ní iṣẹ́ rere. Aamiin.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́