Táyà Tó Jò Ní Pápá Etosha

Àwọn kan nínú yín ti ń bi wá pé, ìrìn-àjò Nàmíbíà tí a lọ, ṣé ó dùn? Ó dùn. Ṣùgbọ́n ibi tó kù díẹ̀ kó korò ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa alájẹṣẹ́kù.

Windhoek, olú-ìlú wọn, ni a ti háyà mọ́tò. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, bí àwa náà ti ń ṣe ní Nàìjíríà kí ó tó di ọdún 1972. Láti ibẹ̀ dé Okaukuejo, nínú ọgbà ẹranko Etosha, lé ní 400 kìlómítà. Bí a ti ń lọ síhà àríwá ni ilé ń dín kù lọ́nà, tó fi ku igi ẹlẹ́gùn-ún àti wáyà ọgbà màlúù. A rọ epo kún táńkì ní Outjo, a sì ra omi mímu tó pọ̀.

Etosha fúnra rẹ̀ jẹ́ adágún ńlá tó ti gbẹ láti ìgbà láéláé, tó ku ilẹ̀ iyọ̀ funfun báláú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ojú kò tó òdìkejì rẹ̀. Ní 1907, ìjọba Jámánì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà náà sọ agbègbè yìí di ilẹ̀ ìpamọ́ ẹranko. Àwọn Hai||om tó ti ń ṣọdẹ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, wọ́n kó wọn kúrò ní 1954. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ìsun àti kànga tí wọ́n gbẹ́ fún ẹranko ni omi kù sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní sùúrù, kó páàkì sí tòsí omi: erin, àgùnfọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, ògòǹgò, gbogbo wọn ni yóò wá bá a níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, táyà wa kan jò lórí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, àfi nínú ibùdó. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé bí oòrùn bá wọ̀, wọn yóò ti géètì ibùdó. Fóònù kò ṣiṣẹ́. Kò tíì pé wákàtí kan tí a rí kìnnìún mẹ́ta lábẹ́ igi lẹ́yìn wa. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹ jẹ́ n sáré pààrọ̀ ẹ̀ jàre, kí ló lè ṣẹlẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n wa àgbà dá a lóhùn pé, "Jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síbi táyà kò lè wo ẹ̀yìn ara rẹ̀."

A jókòó. Ooru mú bí ẹni wà nínú ààrò. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, mọ́tò kan yọ: bàbá òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀, àgbàlagbà ni àwọn méjèèjì. Wọn kò bi wá léèrè irú ẹni tí a jẹ́. Wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyá ń wo ọwọ́ ọ̀tún, bàbá ń wo ọwọ́ òsì. Ẹni méjì nínú wa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú jáàkì, kò sì pé ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ṣe tán. A fẹ́ fún wọn lówó, wọ́n kọ̀. Bàbá ní kí àwa náà ṣáà dúró ti ẹni tí a bá bá lójú ọ̀nà. Oòrùn kù díẹ̀ kó wọ̀ nígbà tí a dé géètì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó létí omi tí wọ́n tan iná sí ní Okaukuejo. Àgbáǹréré dúdú kan wá mu omi. Nígbà tí erin dé, ó rọra yà fún un. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kò lè wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá yá owó, tí àìsàn tàbí òfò dá a dúró lójú ọ̀nà, àwa onídùúró rẹ̀ ni ojú tó ń wo ọ̀tún àti òsì fún un. Ẹ má jẹ́ ká wakọ̀ kọjá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó dìgbà kan ná.