Omi Ni Kí A Kọ́kọ́ Wá: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Àgọ́ Onítáyà Àtijọ́ Ṣe Nílé

Ní ìpínlẹ̀ Michigan, Ohio àti Indiana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bí yìnyín bá ti yọ́ tán, ọ̀pọ̀ onílé á ká tapólì kúrò lórí àpótí onítáyà kan tó ti wà lẹ́yìnkùlé látìgbà òtútù. Àpótí náà kò ga ju àyà àgbàlagbà lọ. Bí wọ́n bá yí ọwọ́ irin tó wà lára rẹ̀, òrùlé á gòkè, ibùsùn á yọ níwájú àti lẹ́yìn, aṣọ kánfáàsì á nà yí i ká, ilé tó gba ìdílé kan á sì dúró síbẹ̀. Pop-up camper ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àgọ́ onítáyà ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ọkọ̀ kékeré ló ń fà á, kì í ṣe irú tírélà akẹ́rù tí à ń rí ní márosẹ̀ Ìbàdàn.

Èyí tó ti gbó nínú wọn kì í wọ́n. Owó tí kò tó ti fóònù tuntun lè ra èyí tí wọ́n ṣe ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 2021, lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà ti lé àwọn ènìyàn sá fún hòtẹ́ẹ̀lì àti bàálù, àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kó ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó lé ní 600,000 jáde láàárín ọdún kan, wọn kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí owó tuntun kò ká yíjú sí àlòkù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni mi ò fara mọ́. Ọ̀dà funfun, kọ́tìnì tuntun àti tìmùtìmù ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ sáré rà. Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń ṣe fún ohun tó ń jẹrà lọ. Omi ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wá, kó mọ ibi tó gbà wọlé àti ibi tó dé, kó tó náwó sí ohunkóhun mìíràn.

Fífa àgọ́ kiri kì í ṣe nǹkan tuntun níbẹ̀. Ní ọdún 1919, ní ìlú Tampa ní Florida, àwọn tó ń fi mọ́tò rin ìrìn àjò, tí wọ́n sì ń pàgọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Tin Can Tourists. Ní ọdún 1968, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lloyd Bontrager, tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé òrùlé sókè, dá ilé iṣẹ́ Jayco sílẹ̀ nínú oko rẹ̀ ní Middlebury, Indiana. Coleman tí ayé mọ̀ sí oníláńtà náà ṣe tirẹ̀ ní Somerset, Pennsylvania, kó tó tà á fún Fleetwood ní ọdún 1989. Fleetwood fúnra rẹ̀ wọ gbèsè, ó sì lọ sí kóòtù ní ọdún 2009. Nítorí náà, ẹni tó bá ra Coleman àtijọ́ lónìí kò rí ilé iṣẹ́ tó máa bá fún ẹ̀yà ara rẹ̀. Á ra òmíràn tó ti bàjẹ́, á tú u, á fi ẹ̀yà ara rẹ̀ tún tirẹ̀ ṣe.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe ni pé kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Pákó, páànù alumíníọ̀mù, súkúrù, okùn irin, aṣọ àti wáyà díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó lè di ayùn àti sípánà mú lè ṣe é, mo sì ka èyí sí ohun iyì láyé tí ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń rà kò ṣeé tú mọ́.

Omi kì í sábà gba àárín òrùlé wọlé. Etí ló ń gbà, níbi tí páànù òkè àti páànù ẹ̀gbẹ́ ti pàdé, tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ìpàdé náà, tí wọ́n sì fi súkúrù dè é. Lábẹ́ irin yẹn ni gọ́ọ̀mù tó ń dí omi wà. Bí oòrùn bá pa alumíníọ̀mù, á nà. Bí òtútù bá mú un, á súnkì. Òrùlé tó gùn ní mítà 3.5 lè fi bíi mìlímítà 4 sí 5 yàtọ̀ láàárín òru ìgbà òtútù Michigan àti ọ̀sán ìgbà ooru. Pákó tó wà nísàlẹ̀ kò nà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn méjèèjì ń fa ara wọn, tí gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ á sì là. Omi díẹ̀ á wọ ojú líla náà. Nígbà tó bá dì, á fi bí ìdá 9 nínú 100 tóbi sí i, á sì tún fẹ ibẹ̀ lójú.

Tó bá ti wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, torí páànù kò jẹ́ kí pákó gbẹ. Olu tó ń jẹ pákó kò lè dàgbà bí omi inú pákó kò bá tó ìdá 20 nínú 100. Tó bá ti kọjá 30, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìjẹrà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó láti òde kò ní fura: ọ̀dà ń dán, páànù tẹ́jú. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ igun òrùlé, ẹ ó rí i tó ń rì wọlé. Ẹ tú súkúrù kan níbẹ̀, kò ní dúró de súkúrúdíráfà kó tó yọ, nítorí kò sí ohun tó dì mú mọ́. Ìpẹta á ti bò ó, pákó tó ti dúdú tó sì rọ̀ bí àmàlà àná á lẹ̀ mọ́ eyín rẹ̀. Súkúrù kan ṣoṣo yẹn lè sọ òótọ́ ju gbogbo ohun tí ẹni tó ń tà á bá sọ lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ gba sùúrù ju agbára lọ. Wọ́n á ṣí irin etí náà, wọ́n á rọra ká páànù sẹ́yìn, wọ́n á sì máa yọ pákó títí wọ́n á fi kan èyí tó le. Kí ènìyàn dáwọ́ dúró nítòsí ibi tó rọ̀, kó ní ó ti tó, olu yóò tún tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pákó tuntun ni wọ́n máa ń fi ọ̀dà kùn lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti lẹ́nu kí wọ́n tó kàn án, torí ẹnu tí ayùn gé ló ń mu omi jù. Lábẹ́ irin etí, téèpù butyl ni kí wọ́n lò: kì í tètè gbẹ, ó sì ń bá páànù lọ bó bá ń nà. Sílíkónì tó kún ọjà kò dára fún un. Ohun mìíràn kì í lẹ̀ mọ́ ojú tí sílíkónì bá ti kàn, ẹni tó bá sì fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe lọ́jọ́ iwájú yóò fi ọ̀bẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò.

Pákó ilẹ̀ náà ní tirẹ̀, pàápàá ní igun tí aṣọ kánfáàsì ń ro omi sí àti lábẹ́ ibi ìfọwọ́. Ẹ fi súkúrúdíráfà gún un láti abẹ́ ọkọ̀. Bó bá wọlé láìjà, ẹ gé ibẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń gbé òrùlé ló dùn mọ́ mi jù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọwọ́ irin tí wọ́n ń yí máa ń wé okùn irin kan mọ́ra. Okùn náà gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ibi irin kan tó pín in sọ́nà mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun kan. Ní igun kọ̀ọ̀kan, sípíríǹgì gígùn kan wà nínú páìpù. Okùn á ti sípíríǹgì náà, sípíríǹgì á sì ti òpó tó kó sínú ara wọn sókè. Bí igun kan bá gòkè ṣáájú àwọn yòókù, gígùn okùn kò dọ́gba mọ́ nìyẹn, tàbí pọ́lì kan ti há. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki orí bọ abẹ́ òrùlé tó ń tún ṣe láìkọ́kọ́ fi igi tó nípọn gbé e ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí okùn bá já, òrùlé á já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibẹ̀ náà ni àfikún ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù orí òrùlé lè wọn tó kílò 40. Òrùlé tí wọn kò ṣe fún un yóò fa okùn já díẹ̀díẹ̀. Mo fara mọ́ àwọn tó ń gbé kékeré kan kalẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà dípò bẹ́ẹ̀.

Aṣọ kánfáàsì tí wọ́n fi òwú hun ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí omi bá kàn án, òwú á wú, á sì dí ihò tí abẹ́rẹ́ lu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rin tuntun lómi, tí wọ́n ń sá a gbẹ, kí wọ́n tó gbé e lọ sójú òjò gan-an. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n bá ká ní tútù á bu, àmì dúdú rẹ̀ kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Bí òjò bá lé wọn kúrò níbi ìpàgọ́, ọjọ́ kejì ni kí wọ́n tún ṣí i nílé kó gbẹ.

Fíríìjì inú rẹ̀ máa ń ya àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún lẹ́nu: iná gáàsì ló ń mú un tutù. Baltzar von Platen àti Carl Munters, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Stockholm, ló ṣe é ní ọdún 1922. Iná kékeré á hó amóníà kúrò nínú omi. Amóníà á gòkè, á di olómi, á pàdé gáàsì haidirójìn, á sì tún fẹ́ lọ. Bó ṣe ń fẹ́ lọ yẹn ló ń gba ooru kúrò lára oúnjẹ. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Àwọn fíríìjì oníkerosíìnì tí àwọn ilé ìwòsàn nílẹ̀ wa fi tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí iná mànàmáná kò tíì dé, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Nítorí pé ìṣàn ló ń gbé amóníà padà, bí ọkọ̀ bá dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní tutù. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n sọ pé ó ti kú, wọn kò gbé e dúró dọ́gba rí ni.

Gáàsì ìdáná tó ń mú fíríìjì náà ṣiṣẹ́ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, torí náà ilẹ̀ ló ń kó jọ sí, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń wá ibi tó ń jò. Wọ́n á ta á sí ojú ìsopọ̀, wọ́n á wo bó bá ń hó. Ohun ìmúlégbóná àtijọ́ ni mo bẹ̀rù jù. Bí irin inú rẹ̀ bá ti sán, carbon monoxide á wọ ibi tí àwọn ènìyàn ń sùn. Gáàsì kan náà tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa odindi ìdílé lójú oorun nílé wa ni. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èyí tó bá sán, kí wọ́n yọ ọ́ dànù, kí wọ́n má gbìyànjú láti lẹ̀ ẹ́.

Ti iná kò le. Gílóòbù àtijọ́ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa áńpíà 1.5 yóò jẹ áńpíà-wákàtí 24 ní wákàtí mẹ́rin, tó jẹ́ ju ìdajì ohun tó ṣeé lò nínú bátìrì ásíìdì tó jẹ́ 80. LED kò ní jẹ ju bíi 3 lọ. Pípààrọ̀ gílóòbù sàn ju ríra bátìrì ńlá lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ bátìrì líthíọ̀mù kó rántí pé kò ṣeé gbaná sí bí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 0.

Táyà tó tún mọ́, tí eyín rẹ̀ pé, lè ti gbó. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016. Ẹ tú béárìn, ẹ fọ gírísì àtijọ́ dànù, ẹ fi tuntun sí i.

Kí wọ́n tó gbéra, ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù ni kí wọ́n gbé e lọ pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀. Àpapọ̀ ìwọ̀n kò gbọdọ̀ ju èyí tó wà lára àmì tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lọ, orí tó kọ́ mọ́ ọkọ̀ sì gbọdọ̀ gbé ìdá 10 sí 15 nínú 100 rẹ̀. Bó bá dín kù, tírélà á máa jù rù lẹ́yìn ọkọ̀ lójú eré, ó sì lè gbé awakọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Bí àpapọ̀ bá pọ̀ jù, omi inú táǹkì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú dànù, torí lítà kan, kílò kan ni, ọ̀pọ̀ ibi ìpàgọ́ ìjọba ńlá ni wọ́n sì ti lè rí omi ẹ̀rọ pọn. Kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn náà, nítorí pé ibi tí táǹkì wà, níwájú táyà tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ti yí ìwọ̀n orí náà padà.