Àárò Ìgbà 0-1-0

Oṣù December tún dé, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ilẹ̀ ti ṣú. Àsìkò yìí gan-an la máa ń wá kásẹ́ẹ̀tì Sunny Adé àti Ebenezer Obey jáde, a ó sì bẹ̀rẹ̀: ìgbà yẹn mà dùn o!

Ìgbà wo gan-an? Iṣẹ́ ìṣirò owó la ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé 1984 ni, tá a bá màmá wa tò sórí ìlà láti àárọ̀ kùtù nítorí mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ, tí wọ́n ń pè ní "essenco"? Àbí lẹ́yìn 1986 tí SAP dé, tí náírà ń já wálẹ̀? Ní yunifásítì, 0-1-0 là ń jẹ: kò sí ti àárọ̀, kò sí ti alẹ́. Ní 1989, ìjọba ti ọ̀pọ̀ yunifásítì pa nítorí ìwọ́de. Ní 1992, àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ohun tá a rántí ni gàrí tí èèyàn mẹ́rin jọ ń mu nínú abọ́ kan, àti ẹ̀rín. Bá a bá kọ lẹ́jà báyìí ní ọ́fíìsì, tó jẹ́ owó tó wọlé nìkan la kọ sílẹ̀, wọn ò ní jẹ́ ká pẹ́ níbẹ̀!

Àìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ pe irú àárò yìí. Johannes Hofer, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Switzerland, ló fún un lórúkọ ní 1688, nítorí àwọn tó jìnnà sílé. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Southampton gbé jáde ní 2006 fi hàn pé nígbà tí inú èèyàn bá bàjẹ́, tàbí tó bá dá wà, ni ìrántí àtijọ́ máa ń dé, ó sì máa ń tuni nínú, torí àwọn èèyàn wa ló kún inú rẹ̀.

Ibi tá a ti ṣìnà nìyí. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kan ní 2009. Gbogbo ìgbà tó bá fóònù wa, ọ̀rọ̀ họ́stẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ni, àwa náà á sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò pè mọ́. A ní bóyá ó ti ríṣẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ló wá sọ fún wa pé kò jẹun, kò sùn, kò wẹ̀, kọ́tìnì kì í ṣí, kásẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń kọ ṣáá. Àwọn kan nínú wa ní ayé ló ń ṣe é. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, àìsàn gidi. Oògùn àti ìjókòó pẹ̀lú agbani-nímọ̀ràn ló lò, ó sì tó ọdún kan kí ara rẹ̀ tó yá.

Ohun tó sọ fún wa lẹ́yìn náà dùn wá: "Gbogbo yín lẹ bá mi rántí 0-1-0. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo jẹun lónìí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá wà nírú ipò yìí lè lọ bá GP rẹ̀. Ní England, èèyàn lè fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú "talking therapies" ti NHS, ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà Samaritans ni 116 123, tọ̀sán tòru, kò sì gbówó.

Ọ̀rẹ́ wa ń bọ̀ níbi àpèjẹ oṣù yìí. Òun ló máa gbé kásẹ́ẹ̀tì wá, àwa la ní gàrí. A ṣì ń wá ẹni tó máa ra ẹ̀pà.