Ohm Nọ́súlù àti Bréènì Bọ́ọ̀sì Ọkọ̀

Nọ́súlù ni irin kékeré tó ń fọ́n epo bẹntiróòlù sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìgbàlódé, iṣẹ́ tí kábúrétọ̀ ń ṣe láyé ọjọ́sí. Wáyà bàbà wíwé ló wà nínú rẹ̀. Bí iná bá gba inú wáyà yìí kọjá, á di òòfà, á fa abẹ́rẹ́ kan sókè, epo á sì tú jáde. Iná bátìrì máa ń wà lórí ẹsẹ̀ kan nọ́súlù ní gbogbo ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà ní títan. Ẹsẹ̀ kejì lọ sí bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, òun ló ń so ó mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù tó sì ń já a. Nítorí náà, gbogbo iná tí nọ́súlù bá fà, inú tíránsísítọ̀ bíńtín kan nínú bréènì bọ́ọ̀sì ló ń gbà kọjá.

Bí iná yẹn ṣe máa pọ̀ tó wà lọ́wọ́ ìdènà tó wà nínú wáyà wíwé náà, èyí tí wọ́n ń fi ohm kà. Georg Ohm, ará Jámánì, ló gbé òfin rẹ̀ jáde ní 1827: fi iye ohm pín fóòtì, ámpù ló máa kù sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni nọ́súlù pín sí. Èkíní ní ohm 12 sí 16, kì í sì í fà ju nǹkan bí ámpù 1 lọ. Òun ló wà lára ọ̀pọ̀ Camry àti Corolla tòkunbọ̀ tó ń ná ọ̀nà Òkè-Ìléwó sí Pánṣẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta. Ohm èkejì kéré, bí 1.5 sí 4. Bó bá jẹ́ 2, ámpù 6 ló máa fà lórí iná 12 fóòtì. Èyí kì í ṣe àbùkù. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí abẹ́rẹ́ lè tètè gbéra ni, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń kó o níjàánu. Àwọn bréènì bọ́ọ̀sì kan máa ń tú bí ámpù 4 sílẹ̀, kí wọ́n tó dín in sí 1 lẹ́yìn tí ẹnu nọ́súlù bá ti ṣí. Ọ̀pọ̀ Honda ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 gba ọ̀nà mìíràn: àpótí rẹsísítọ̀ wà lójú wáyà. Ohm 2 ti nọ́súlù, 6 ti rẹsísítọ̀, wọ́n di 8, iná sì di ámpù 1.5.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi pé ojú lásán kò lè dá àwọn méjèèjì mọ̀. Nọ́súlù tòkunbọ̀ láti Ládípọ̀ ní Mushin lè wọ ihò rẹ̀ ṣinṣin, kí ẹnu wáyà rẹ̀ sì bára mu. Òǹtajà á ní ó ń fọ́n dáadáa, òótọ́ ló sì ń sọ. Fífọ́n kò sọ ohm. Bí nọ́súlù ohm 2 bá wọ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ohm 14, ẹrù àgbà ni wọ́n gbé ka orí ọmọdé. Tíránsísítọ̀ á gbóná, á jó. Èyí tó burú jù ni kó jó ní sísopọ̀: ẹnu nọ́súlù á ṣí sílẹ̀ gbayawu, epo á kún sílíńdà, á sì fọ ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ kì í sábà ba bréènì bọ́ọ̀sì jẹ́. Nọ́súlù ohm 14 lẹ́yìn rẹsísítọ̀ ohm 6 kò ní rí ju ámpù 0.6 lọ, á máa lọ́ra láti ṣí, ẹ́ńjìnnì á sì máa já lójú ọ̀nà, pàápàá bí bátìrì bá ti rẹ̀. Kí rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, yọ rẹsísítọ̀ kúrò lójú wáyà ló kù.

Mítà tí gbogbo rewáyà ní ló ń tú àṣírí yìí kí ìnáwó tó dé. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, nítorí ohm 14 lè di bíi 18 nínú ooru. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn, wọ́n á yọ iye tó bá gbé jáde kúrò nínú ohun tí nọ́súlù bá kà. Bí iye yẹn bá jẹ́ 0.5, kò jẹ́ nǹkan fún ohm 14, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin ohm 2 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀ tí ìpẹtà sì ti mú ṣe máa ń yọ nọ́súlù oní-ohm-kékeré lẹ́nu jù. Bí kò bá sí nọ́súlù mìíràn ju irú yẹn lọ, rẹsísítọ̀ ohm 6 kọ̀ọ̀kan fún nọ́súlù kọ̀ọ̀kan ló lè gba bréènì bọ́ọ̀sì là. Kó jẹ́ wáàtì 25 ó kéré tán, kó sì wà lára irin tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Rẹsísítọ̀ kékeré inú rédíò á jóná lójú ẹsẹ̀.

Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ọkọ̀ tí wọ́n ń sọ di aláfẹ́fẹ́ gáàsì CNG ń pọ̀ sí i ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ ohm sì tún yọjú níbẹ̀. Nọ́súlù gáàsì sábà máa ń jẹ́ ohm 1, 2 tàbí 3, nítorí náà bréènì bọ́ọ̀sì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń darí rẹ̀. Bí gáàsì bá ti ń ṣiṣẹ́, bréènì bọ́ọ̀sì gáàsì yìí á já nọ́súlù epo, á sì fi ohun tó ní irú ìdènà rẹ̀ rọ́pò kí bréènì bọ́ọ̀sì àtijọ́ má baà tan iná ìkìlọ̀ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Epo ni ọkọ̀ ṣì ń fi jí láàárọ̀, tí yóò sì bọ́ sórí gáàsì bí ẹ́ńjìnnì bá ti móoru. Ẹni tó bá pààrọ̀ nọ́súlù gáàsì sí èyí tí ohm rẹ̀ yàtọ̀ gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà yan irú tuntun náà nínú bréènì bọ́ọ̀sì gáàsì, kí ọkọ̀ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù.