Kẹ̀kẹ́ Lórí Òkè Alpes

Àwọn òkè Alpes wà ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n gba ilẹ̀ Faransé, Súwísì, Ítálì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn kọjá. Èyí tó ga jù nínú wọn ni Mont Blanc. Gíga rẹ̀ lé ní mítà 4 800. Ṣé o mọ òkè Agou ní Togo? Bí a bá to òkè Agou mẹ́rin lé ara wọn, wọn kò tíì ga tó Mont Blanc.

Ní ìgbà òtútù, yìnyín funfun máa ń bo àwọn òkè náà. Nígbà tí oòrùn bá dé, yìnyín á yọ́, koríko á hù. Ìgbà náà ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń dé. Ìlú kékeré kan wà ní Faransé tí à ń pè ní Morzine. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, bàbá, ìyá àti ọmọ máa ń lọ lo ìsinmi níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn.

Báwo ni kẹ̀kẹ́ ṣe ń dé orí òkè? Àwọn kan máa ń wà á gòkè, òógùn á bò wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ta okùn irin ńlá láti ìsàlẹ̀ dé òkè, lórí àwọn òpó gíga. Àga rọ̀ mọ́ okùn náà. Ẹ́ńjìnnì ń fa okùn, àga ń gòkè. Ènìyàn á jókòó, wọn á gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́, ó di orí òkè.

Gígòkè rọrùn. Sísọ̀ kalẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Kẹ̀kẹ́ orí òkè kò dà bí kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn lọ sọ́jà. Táyà rẹ̀ nípọn, ó sì ní eyín tí ń di ilẹ̀ mú. Ẹni tó gùn ún máa ń dé àṣíborí, bí irú èyí tí àwọn tó ń gun alùpùpù ń dé. Ó máa ń wọ ìbọ̀wọ́, ó sì ń de ohun líle mọ́ orúnkún.

Kẹ̀kẹ́ náà ní bíréèkì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ara rẹ ń tẹ̀ síwájú. Bí o bá wá tẹ bíréèkì iwájú nìkan, tí o tẹ̀ ẹ́ gan-an, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ á gbéra, kẹ̀kẹ́ á gbé ọ jù sílẹ̀! Nítorí náà, tẹ méjèèjì pọ̀, díẹ̀díẹ̀. Dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́, tẹ orúnkún, kí o sì ti ìdí sẹ́yìn. Má ṣe wo táyà. Wo ọ̀nà tó wà níwájú. Ibi tí o bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ: bí o bá tẹjú mọ́ òkúta, òkúta ni wàá kọlù.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ lára pátákó. Aláwọ̀ ewé ló rọrùn jù. Búlúù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà pupa. Dúdú ló le jù: gbòǹgbò igi àti òkúta kún inú rẹ̀. Kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, bí ó tilẹ̀ láyà.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ nìkan kọ́ ló ni òkè. Àwọn màlúù kan wà níbẹ̀, ara wọn pupa, orí wọn funfun, agogo wà lọ́rùn wọn. Wàrà wọn ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe wàràkàṣì. Àgùntàn náà wà níbẹ̀. Ajá ńlá funfun kan ló ń ṣọ́ wọn, patou ni wọ́n ń pè é. Láàárín àgùntàn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ìkookò ń bẹ lórí àwọn òkè wọ̀nyí, lójú ajá náà, ohun tó ń sáré bọ̀ lè jẹ́ ìkookò. Bí o bá rí i, má ṣe sáré, má ṣe pariwo. Sọ̀ kalẹ̀. Fi kẹ̀kẹ́ sí àárín ìwọ àti ajá, kí o máa rìn jẹ́jẹ́, kí o yà fún àwọn àgùntàn. Ajá á gbóòórùn rẹ, á sì padà sọ́dọ̀ agbo rẹ̀. Tí o bá ti jìnnà sí wọn, gun kẹ̀kẹ́ rẹ padà.