Oúnjẹ Ewéko Inú Omi Òkun àti Ilẹ̀ Oko Kòkó



Ó lè ya yín lẹ́nu pé ìwé àgbẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ewéko inú òkun. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ń mú igi kòkó so náà ni ó ń mú àwọn ewéko wọ̀nyí gbilẹ̀, ohun tí òjò bá sì wọ́ kúrò ní oko yín kì í dúró sí ẹ̀yìn oko.

Ẹni tí ó bá ti sin àpò kòkó dé èbúté Àpápá yóò mọ omi tí ó wà lẹ́bàá Ajégúnlẹ̀. Bí ó bá fi ìgò funfun bu omi náà, ó lè rò pé omi lásán ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewéko wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, tí a kò lè rí àfi pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Phytoplankton ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Wọn kò ní gbòǹgbò, wọn kò sì ní ẹ̀ka, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí ewé kòkó ti ń ṣe. Nǹkan bí ìdajì irú iṣẹ́ yìí ní gbogbo ayé, àwọn ni wọ́n ń ṣe é. Ẹja bọ́ńgà ń jẹ wọ́n, àwọn ẹja mìíràn sì ń jẹ ohun tí ó jẹ wọ́n. Bí wọn kò bá sí, òfo ni àwọ̀n apẹja yóò máa bọ̀.

Náítírójínì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni olórí oúnjẹ wọn, àní àwọn kan náà tí ẹ ń rà nínú àpò ajílẹ̀. Irú èyí tí a ń pè ní diatom, tí ó pọ̀ gidigidi ní omi Èkó, ń fẹ́ sílíkà pẹ̀lú, nítorí òun ni ó fi ń kọ́ ilé ara rẹ̀ tí ó dà bí dígí. Alfred Redfield, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 1934, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n tí a mọ̀ lónìí: átọ́ọ̀mù náítírójínì 16 sí ẹyọ kan ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Èyí tí ó bá kù díẹ̀ káàtó ni ó ń dá ìdàgbàsókè dúró, bí àwọn yòókù tilẹ̀ kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ní ọdún 1993, àti ní 1995 pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ da irin tí a ti yọ́ sínú òkun Pàsífíìkì, níbi tí náítírójínì kò ti wọ́n ṣùgbọ́n tí ewéko kò pọ̀. Ní ìgbà kejì, àwọ̀ omi náà yí padà sí ewé. Irin díẹ̀ péré ni ó ṣe aláìní.

Ẹ wá wo ohun kan tí ó ṣòro láti gbàgbọ́. Ní àkókò òjò ni odò ń kó oúnjẹ wá sí ọ̀sà Èkó jù lọ, ṣùgbọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni àwọn diatom ń pọ̀ níbẹ̀. Kí ni ó fà á? Ẹrẹ̀ ni ó dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ omi lára, bí igi ìbòji tí ó dí jù ti ń ṣe sí kòkó. Ìṣàn odò a sì máa gbá àwọn ewéko náà lọ sí òkun kí wọ́n tó bí sí i. Nígbà tí òjò bá dá, omi a tòrò, omi iyọ̀ a wọlé láti òkun, wọn a sì gbilẹ̀.

Ní òkun gbangba, ọ̀nà mìíràn ni oúnjẹ ń gbà wá. Láti oṣù July dé September, omi tútù tí ó kún fún oúnjẹ a máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ ní etíkun Côte d'Ivoire àti Ghana. Àkókò náà ni ṣáwá ń pọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àpọ̀jù ń pa. Ìdọ̀tí ilé àti ìgbẹ́ tí a kò sọ di mímọ́ ń ṣàn láti ìlú Èkó sínú ọ̀sà, Ajégúnlẹ̀ kò sì yọ sílẹ̀. Odò Yéwa àti odò Ògùn ń gba ilẹ̀ oko kọjá kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Bí oúnjẹ bá pọ̀ jù, ewéko á hù bo omi. Bí wọ́n bá kú, jíjẹrà wọn á fa atẹ́gùn inú omi tán, ẹja á sì kú, pàápàá ní ìdájí. Ewé omi àjèjì tí ó ń tan òdòdó àlùkò, tí ó wọ omi wa láti ìhà Benin ní ọdún 1984, ń jẹ nínú àsè kan náà.

Nítorí náà, ajílẹ̀ tí ẹ dà sílẹ̀ nígbà tí òjò ńlá ṣú, owó yín ni ẹ fi bọ́ ọ̀sà. Ẹ wà á sínú ilẹ̀ yí ìdí igi ká, kí ẹ sì fi ewé gbígbẹ bò ó. Ẹ fi igbó díẹ̀ sílẹ̀ létí odò. Ẹ dá èèpo kòkó padà sí oko lẹ́yìn tí ó bá ti jẹrà dáadáa, nítorí potásì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèpo tí àrùn ti sọ di dúdú, ẹ má ṣe fi í sí abẹ́ igi. Ẹ má sì ṣe fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín òògùn bàbà nínú odò, nítorí bàbà díẹ̀ tó láti pa àwọn ewéko wẹ́wẹ́ wọ̀nyí.