Ọ̀rá Tí Ara Kò Lè Ṣe Fúnra Rẹ̀
Ìwé ìlàlóye fún àwọn òbí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde ní Jos

Oríṣi ọ̀rá méjì wà tó jẹ́ pé inú oúnjẹ nìkan la ti ń rí wọn: òmégà-6 àti òmégà-3. Ní 1929, George Burr àti Mildred ìyàwó rẹ̀ jábọ̀ ní Amẹ́ríkà pé àwọn eku tí wọ́n fi ọ̀rá dù kò dàgbà dáadáa, awọ ara wọn sì ń hú ìpẹ́pẹ́.

Kábọ́nù tó so kọ́ra wọn ni ọ̀rá. Níbi tí ìdè bá ti jẹ́ oníméjì, ibẹ̀ á tẹ̀. DHA, ọ̀kan nínú òmégà-3, ní kábọ́nù 22 àti irú ìdè bẹ́ẹ̀ 6. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í dì nínú òtútù bí ọ̀rá màlúù. Òun ló ń mú kí awọ sẹ́ẹ̀lì rọ̀, ó sì pọ̀ nínú ọpọlọ àti ẹyinjú.

Nínú fòníkú-fọ̀ládìde, sẹ́ẹ̀lì pupa á le, á tẹ̀ bí dòjé, á sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Jos níbí àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì New Mexico yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí wò, wọ́n rí i pé òmégà-3 inú rẹ̀ kéré. Ní Sudan, ìwádìí kan tó jáde ní 2013 fi hàn pé ìrora líle kò sábà ṣe àwọn tó lo kápúsù òmégà-3 tó àwọn tí kò lò ó.

Òróró ẹ̀pà tí à ń fi dáná ní òmégà-6 dáadáa, àmọ́ òmégà-3 inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ti sóyà sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba òmégà-3 inú rẹ̀ ni ara lè sọ di DHA. Ẹja olọ́ràá ló ní in gan-an. Jos jìnnà sí òkun lóòótọ́, síbẹ̀ Titus àti ṣáwá inú yìnyín wà lọ́jà. Ẹ fún ọmọ ní ẹja náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ẹ sè é, ẹ má dín in gbẹ.

Ohun tó ń ká wa lára ni ìgò òróró tí wọ́n ń pàtẹ sínú oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ ìdè oníméjì yẹn ni afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ti ń rí àyè wọlé, tí òróró fi ń bàjẹ́. Ìmọ́lẹ̀ àti iná sì ń mú un yá. Èyí tó bá ti ń rùn, tàbí tí ẹ ti fi dín àkàrà títí tó fi dúdú, ẹ dà á nù.

Ẹ má ra kápúsù fún ọmọ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀. Fólíìkì ásíìdì àti oògùn tí wọ́n fún un kò gbọ́dọ̀ dúró nítorí ẹja. Bí ìrora tàbí ibà bá dé, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.